Èkù Ọ̀bẹ, Ásíìdì àti Ọjọ́ Orí Irin



Lónìí a ò ní tú ẹsẹ Ifá láti òkè délẹ̀ bí a ṣe máa ń ṣe. Ìbéèrè kan ló wà nílẹ̀, ó sì ti wà lọ́kàn mi fún bí oṣù mẹ́ta. Bí alágbẹ̀dẹ bá rọ ọ̀bẹ lónìí, tó wá fi ásíìdì ṣe irin ọrùn ọ̀bẹ náà títí tó fi rí bí ohun tó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún láyé, ṣé irọ́ ló pa? Bó bá jẹ́ irọ́, ta ló pa á fún? Àbí iṣẹ́ ọwọ́ lásán ni, bí ẹni lé tìróò sójú?

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ alágbẹ̀dẹ nìkan ni. Ẹ ní sùúrù, yóò kan àwa awo náà.

Ìyànà-Ìbà lọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Èkó sí Badagry kọjá mọ ibẹ̀: oríta tí àwọn tó ń lọ LASU àti Ìgàndó ti ń yà kúrò lójú títì, kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń ké, kẹ̀kẹ́ Márúwá ń fọn fèrè, ọjà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, Alábà kò sì jìnnà. Irin ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ní yóò ti Marina dé Òkòkòmáíkò, Mile 2 ló dé dúró nígbà tí wọ́n ṣí i ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ṣùgbọ́n Ògún ti wà ní ìhà ibí kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan rélùwéè. Alágbẹ̀dẹ kan wà lẹ́yìn ọjà tí mo máa ń lọ bá. Ọ̀bẹ alápatà ló fi ń jẹun, àdá àti ọkọ́ náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń dùn mọ́ ọn nínú jù ni ọ̀bẹ tí ènìyàn bá wá ní kó ṣe fún òun ní pàtó: ọ̀bẹ awo, ọ̀bẹ ọdẹ, ọ̀bẹ tí ará ìlú òyìnbó fẹ́ gbé kọ́ ara ògiri.

Ojú irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀, sípíríǹgì mọ́tò ni, irin líle tó ṣeé pọ́n. Èkù rẹ̀, igi ni. Àmọ́ níbi tí ojú ọ̀bẹ ti wọ inú igi, òrùka irin kan máa ń wà níbẹ̀ kí igi má baà là, ìdérí irin kékeré kan á sì tún wà ní ìdí èkù. Àwọn irin kéékèèké yìí kò gé nǹkan kan. Kí wọ́n di èkù mú, kí ojú sì rí wọn, iṣẹ́ wọn ò ju ìyẹn lọ. Nítorí náà ibẹ̀ ni alágbẹ̀dẹ ti ń ṣe ẹwà, ibẹ̀ náà sì ni èké ti lè ráyè wọlé. Àwọn àgbà ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọwọ́ ẹlòmíràn ló ń bá a gbẹ́ ẹ, ohun tí ọwọ́ náà bá sì fi síbẹ̀ ni ọ̀bẹ máa gbé kiri.

Irin tó dára jù fún òrùka yẹn ni irin àtijọ́, èyí tó ní iṣan nínú. Àwọn baba wa ń fi èédú yọ ọ́ nínú ìléru. Irin náà kì í yọ́ di omi. Ìṣù ló máa ń dì, ìdàrọ́ á sì há sínú rẹ̀. Wọ́n á máa lù ú, wọ́n á ká a, wọ́n á tún lù ú, ìdàrọ́ tó bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀ á fà gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Bí ẹ bá ṣẹ́ irú irin bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí i pé ó ní iṣan bí igi. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Bellamy rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nítòsí Ọ̀yọ́, ó sì kọ nípa rẹ̀ ní 1904. Ní Ilé-Ifẹ̀, ìṣù irin ńlá kan wà ní ààfin tó rí bí ẹ̀kán omi, Ògún Ládìn ni wọ́n ń pè é, orúkọ alágbẹ̀dẹ Odùduwà. Nígbà tó yá, irin òyìnbó wọlé, ó pọ̀, ó sì rọrùn láti rà, iná ìléru wa bá kú. Tiwọn náà padà kú o: ilé-iṣẹ́ Thomas Walmsley ní Bolton, tó gbẹ̀yìn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú àwọn tó ń ṣe irin oníṣan fún títà, ti ìlẹ̀kùn ní 1973. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ lónìí, inú àlòkù ni yóò wá a sí: ẹ̀wọ̀n ìdákọ̀ró ọkọ̀ òkun, irin géètì ayé òyìnbó, ìṣó ńlá. Àwọn ọmọ tó ń ti kẹ̀kẹ́ kiri ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù máa ń rí i he lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn ò mọ̀ pé ó yàtọ̀, iye kan náà ni wọ́n ń tà á.

Bí ọ̀rẹ́ mi alágbẹ̀dẹ ṣe ń parí rẹ̀ nìyí. Á fi fáìlì gé e dọ́gba, á wá fi sáńpépà há a, láti orí nọ́ńbà 80 dé 220, dé 400, títí tí ojú ò fi ní rí ìlà fáìlì mọ́. Á fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí òróró ọwọ́ kúrò lára rẹ̀, torí ibi tí òróró bá wà kò ní jẹ. Ohun tó ń fi jẹ ẹ́ ni ferric chloride, èyí tí àwọn tó ń ṣe bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ fi ń jẹ bàbà kúrò lára bọ́ọ̀dù. Á là á mọ́ omi, á ri irin náà sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Tẹ́lẹ̀ rí ásíìdì bátìrì ló ń lò, mo bẹ̀ ẹ́ kó fi í sílẹ̀ nítorí èéfín rẹ̀. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán ásíìdì wò, ẹ jọ̀ọ́, inú omi ni kí ẹ da ásíìdì sí, ẹ má da omi sínú ásíìdì.) Omi yẹn máa jẹ irin, ṣùgbọ́n kò lè jẹ ìdàrọ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá fi máa yọ ọ́, iṣan á ti jáde, ìlà dúdú àti ìlà eérú tó ń tẹ̀ lé ara wọn bí ojú pákó ìrókò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Á fi omi eérú ṣan án kí jíjẹ náà lè dáwọ́ dúró, á nù ún gbẹ, á fi epo pa á. Epo pupa ni o. Àdí náà dáa fún irin, ṣùgbọ́n mo ti sọ fún un pé ọ̀bẹ tó bá máa dé ìdí Èṣù, àdí ò gbọdọ̀ kàn án.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí iṣẹ́ yìí, mo kàn ń wò ó ni. Kò sí ohun tí wọ́n fi kún irin náà. Gbogbo ìlà wọ̀nyẹn ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹni tó ti kú ti lù ú. Wọ́n máa ń ní alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ásíìdì ló bá eléyìí fa tiẹ̀ yọ. Bí ẹ bá sì ju irin rọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń kọ́lé sínú omi kan náà, eérú pẹlẹbẹ ni yóò dà, kò ní ní iṣan, nítorí kò níṣan tẹ́lẹ̀. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé gbogbo fífi ásíìdì ṣe irin, ẹ̀tàn ni. Èmi ò gbà.

Ṣùgbọ́n irú kejì wà. Ẹ mú rọ́ọ̀dù yẹn kan náà, ẹ wọ́n ọ̀tí kíkan àti iyọ̀ sí i lára, ẹ gbé e síta mọ́jú. Kílẹ̀ ó tó mọ́ á ti dógùn-ún. Ẹ fi ẹrẹ̀ àti èérú àrọ pa á, ẹ fi epo sí i, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀mẹrin. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ó ti di ogún baba ńlá. Ojú tó mọ̀ ọ́n lè dá a mọ̀: ìdógùn-ún òru kan máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á máa kù bí ìyẹ̀fun, á sì rí bákan náà níbi gbogbo, títí kan ibi tí àtẹ́lẹwọ́ ìbá ti máa fi dán bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ti ń dì í mú lóòótọ́. Ti ọlọ́jọ́ pípẹ́ dúdú, ó lẹ̀ pinpin, ibi tí ọwọ́ ti ń kàn án á sì ti jẹ. Àmọ́ mélòó ló mọ̀ ọ́n?

Ọkùnrin kan wá bá alágbẹ̀dẹ yìí pé kó ṣe ọ̀bẹ Ògún fún òun. Kò fẹ́ irin oníṣan. Rọ́ọ̀dù ló mú wá fún òrùka àti ìdérí, ó ní kó bá òun sọ ọ́ di àtijọ́. Alágbẹ̀dẹ bi í pé kí lẹ fẹ́ fi ṣe, sà? Kò fi pamọ́. Ìdílé wọn ń bá ara wọn jà lórí ilẹ̀. Ẹ̀ka tiwọn ní àwọn ni àwọn ń bọ Ògún ilẹ̀ náà láti ìṣẹ̀dálẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan lọ́wọ́ wọn tí wọ́n lè nà jáde láwùjọ. Ó ní ọ̀bẹ baba bàbá òun wà nígbà kan rí, pé ẹnì kan nínú ilé tó gba ẹ̀sìn tuntun ló kó gbogbo ẹrù Ògún lọ dà sínú ọ̀sà. Ìyá àgbà kan ṣì wà láyé tó rí i lójú ara rẹ̀.

Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn? Ká ní irọ́ gbuu ni ọkùnrin náà ń pa, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ ló ń sọ. Ọ̀bẹ kan wà nísàlẹ̀ ọ̀sà, ó sì fẹ́ kí alágbẹ̀dẹ ṣe ìkejì rẹ̀. Ọgbẹ́ àwa ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ pọ̀ lórí ohun tí wọ́n ti sun àti èyí tí wọ́n ti dà nù. Àánú ọkùnrin náà ṣe mí.

Alágbẹ̀dẹ wá sọ́dọ̀ mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò ní kí n dá Ifá o. Ó ní, “Baba awo, èrò yín ni mo fẹ́ gbọ́.” Ó dùn mọ́ mi, kì í ṣe gbogbo nǹkan lèèyàn ń gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ sí. Ó ní owó náà dáa, ọmọ òun fẹ́ ṣe WÁẸ́ẸKÌ, bí òun ò bá ṣe é ẹlòmíràn á ṣe é. Ó wá fi àpẹẹrẹ kan gbè é lẹ́sẹ̀: obìnrin tó fi irun àtọwọ́dá kún irun orí rẹ̀, ṣé irọ́ ló ń pa? Ọkọ rẹ̀ mọ̀, àwọn ará àdúgbò mọ̀, ẹwà ni gbogbo wọn ń wò.

Mo ní, “Ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gbé irun lọ síwájú àwọn àgbà kó wá fi jẹ́rìí ilẹ̀.”

Kókó ibẹ̀ nìyẹn lójú tèmi. Nǹkan tí wọ́n ṣe kó lẹ́wà, ó tán síbi ẹwà. Nǹkan tí wọ́n ṣe kó jẹ́rìí, ó ti di ẹlẹ́rìí, ẹlẹ́rìí tí kò sì sí níbẹ̀, irọ́ ló ń pa, kódà bí ọ̀rọ̀ tó ń sọ bá jẹ́ òótọ́. Ẹ sì wo ohun tó máa ṣe fún òótọ́ náà. Ìyá àgbà yẹn ni ẹ̀rí wọn. Ó rí ọjọ́ tí wọ́n ru ẹrù Ògún jáde, ó lè sọ ẹni tó rù ú àti ọ̀nà tó gbà. Bí wọ́n bá ti gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ẹnu ìyá ò wúlò mọ́, kódà ẹnu rẹ̀ ti tako ọ̀bẹ náà: ọ̀bẹ tó ní ó ti wọ ọ̀sà, báwo ló ṣe dé orí tábìlì? Bí ẹnì kan ní ẹ̀ka kejì bá wá fi èékánná ha òrùka yẹn tí rọ́ọ̀dù tuntun yọjú, ta ló máa gba ìyá gbọ́ mọ́? Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́.

Gbogbo wa la mọ ìtàn Ògúndá Méjì, bí Ògún ṣe bá àwọn méjì tó ń jà nítorí ẹja lójú ọ̀nà, tó sì fi irin rẹ̀ dá ẹja sí méjì. Ohun tí mo máa ń rí nínú ìtàn náà ni pé lójú àwọn méjèèjì ló ti gé e. Kò gbé ẹja wọlé lọ gé. A tún mọ ìtàn àdá òjé, bí àwọn òrìṣà ṣe dé ibi igbó kìjikìji, tí Òrìṣà-ńlá yọ àdá òjé tirẹ̀, tí ó sì tẹ̀, kó tó di pé Ògún fi ti irin lànà. Igbó ló tú àṣírí òjé. Ojú ọ̀bẹ náà, ẹran àti igi á dán an wò, kò lè purọ́ pẹ́. Òrùka ọrùn ọ̀bẹ ńkọ́? Kò sí igbó tó ń dán òun wò. Ẹnu ẹni tó ṣe é nìkan la gbójú lé.

Ojú àwọn onímọ̀ pàápàá kì í fìgbà gbogbo ríran dé ibẹ̀. Ẹ rántí Orí Olókun tí Leo Frobenius, ará Jámánì, rí ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1910. Ní 1949 àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé èyí tó wà nílẹ̀, àdàrọ ni. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn mìíràn tún yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojúlówó. Bí iyèméjì bá ti wọ ara nǹkan, ojúlówó gan-an á máa wá ẹni tí yóò gbà á gbọ́.

Alágbẹ̀dẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀yin awo ńkọ́, Baba? Ẹsẹ Ifá tí ẹlòmíràn kọ lánàá, ṣé ẹ kì í gbọ́ bó ṣe ń pè é ní ti ayébáyé?”

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá mi níbi tó yẹ kó bá gbogbo wa. Láti ìgbà tí UNESCO ti kéde Ifá ní 2005, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì ti gbòde, ọjà ẹsẹ Ifá ti yá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti ṣàlàyé nínú ìwé pé ẹsẹ Ifá tó bá pé máa ń ní apá mẹ́jọ. Iṣẹ́ ribiribi nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ṣe èké lè lò ó bí ẹni ń lo iyọ̀ àti ọ̀tí kíkan: á wá orúkọ awo mẹ́ta tó le lẹ́nu, á fi “a díá fún” sí i, á fi ẹbọ sí i, á dá ọ̀rọ̀ àtijọ́ méjì tí kò sẹ́ni tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ sáàárín, á wá gbé e ka orí odù tó bá wù ú. Ó ti di ti Ọ̀rúnmìlà nìyẹn.

Kì í ṣe pé ohun tuntun burú. Òtúrá Méjì ń sọ̀rọ̀ ìmàle, ìmàle kì í ṣe ará ìṣẹ̀dálẹ̀ nílẹ̀ wa. Ifá ti ń gba nǹkan wọlé tipẹ́, bí ilé àrọ ṣe ń gba sípíríǹgì mọ́tò. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ká má fọwọ́ kan ti àtijọ́. Awo tó jókòó ti ẹsẹ kan fún ogún ọdún, tó ń ro ó, tó ń fi í wé ọ̀rọ̀ ẹni tó wá dá Ifá, iṣẹ́ omi tó ń jẹ irin oníṣan ló ń ṣe: ó ń mú kí ohun tó wà nínú rẹ̀ yọ kí ojú tiwa lè rí i. Ohun tí mo ń bá jà ni ọjọ́ orí tí wọ́n yá fún ọ̀rọ̀. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ tó dáa lónìí, kí ló dé tí kò lè ní èmi ni mo rò ó? Ó ń fi orúkọ ara rẹ̀ bọ ilẹ̀, ó tún ń kọ́ àwọn ọmọ awo pé ọwọ́ tòní ò lè ṣe nǹkan tó níyì. Ohun kan náà ni alágbẹ̀dẹ ń ṣe bó bá fi ìdógùn-ún bo iṣẹ́ ara rẹ̀ tó sì fi í fún òkú.

Bó ṣe parí ni pé alágbẹ̀dẹ sọ fún ọkùnrin yẹn pé òun á ṣe ọ̀bẹ náà, òun á fi irin ẹ̀wọ̀n ìdákọ̀ró ṣe òrùka rẹ̀, òun á jẹ́ kí iṣan rẹ̀ yọ, òun á sì gbẹ́ ọdún tí òun rọ ọ́ sábẹ́ ìdérí èkù. Kí wọ́n gbé e fún Ògún wọn ní gbangba, kí wọ́n sọ pé ti àkọ́kọ́ wà nínú ọ̀sà, èyí la fi rọ́pò rẹ̀, kí ìyá sì sọ ohun tó rí. Ọkùnrin náà pòṣé, ó kó rọ́ọ̀dù rẹ̀ lọ. Owó àjọ ló padà san ti WÁẸ́ẸKÌ.

Bóyá ẹlòmíràn ti bá a ṣe é, n kò bèèrè. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kù tí ọmọ awo kan bi mí nígbà tí mo sọ ìtàn náà fún un: bí wọ́n bá fi irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ búra, ṣé ìbúra náà múlẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé èké ni ọ̀bẹ náà?

Ó múlẹ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ ló jẹ́ èké, irin rẹ̀ kì í ṣe èké. Ní kóòtù ilẹ̀ wa, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ tó bá fẹ́ jẹ́rìí lè fi irin búra, kò sì sí ẹni tó ń béèrè ọdún tí wọ́n rọ irin náà. Awakọ̀ ní gáréèjì Ìyànà-Ìbà tó pa ajá sídìí dánfó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, Ògún ló pa á fún. Bí ọkùnrin yẹn bá gbé ọ̀bẹ rọ́ọ̀dù rẹ̀ dúró láàárín ìdílé, tó fi ahọ́n kàn án, tó ní “ọ̀bẹ baba bàbá mi rèé,” orí Ògún gidi ló ti sọ ọ́.